Ṣé lóòótọ́ ni pé BP 120/80 kì í ṣe nọ́mà mọ́?

Lọ́dún 2024 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìlànà tuntun jáde lórí ìfúnpá, ìyẹn BP, àtìgbà náà làwọn èèyàn ti ń pín ìròyìn kiri pé 120/80 tí wọ́n ti ń kì fún wa látọjọ́ yìí ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni ṣá?

Òótọ́ ni, àmọ́ kò rí bí àkọlé ìròyìn ṣe ń pariwo ẹ̀. Wọ́n ní tó bá wà lábẹ́ 120/70, kò ga. Láti 120/70 dé 139/89, ó ti ń gbéra nìyẹn, kò tíì di ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru gangan ṣì di 140/90 lọ́dọ̀ tiwọn.

Kí ló wá dé táwọn Amẹ́ríkà ń sọ 130/80?

Ìlànà tiwọn nìyẹn, wọ́n ti fà á wálẹ̀ síbẹ̀ láti 2017. Ẹni tí BP ẹ̀ jẹ́ 135/85 lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní New York, kó balẹ̀ sí Paris kí wọ́n ní kó kàn máa ṣọ́ra. Ọkàn ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun wọ bàálù.

Kí ni nọ́ńbà méjèèjì yẹn gan-an?

Nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ ni ọkàn ń fún pọ̀ tó sì ń dẹ̀. Tó bá fún pọ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ni nọ́ńbà òkè. Tó bá dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ míì lè wọlé, agbára tó ṣẹ́ kù nínú iṣan ni ti ìsàlẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ti ìsàlẹ̀ kì í já sí òdo, bẹ́ẹ̀ ọkàn ò ti ẹ̀jẹ̀ kankan lásìkò yẹn o: ìlẹ̀kùn kékeré kan ló ń tì pa lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn, iṣan ńlá tó ti fẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rọ́ wọ inú ẹ̀ á wá máa sún kì bíi rọ́bà, òun náà á máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ síwájú. Béèyàn bá ṣe ń dàgbà ni iṣan yẹn ń gan, ìdí nìyẹn tí ti òkè fi máa ń ga lára àgbàlagbà tí ti ìsàlẹ̀ á sì dúró tàbí kó wálẹ̀.

Kí ló mú wọn fa ìlà wálẹ̀?

Ìwádìí pọ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí ni SPRINT, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015. Àwọn tó lé ní 9,000 ni, wọ́n fi òògùn gbé nọ́ńbà òkè BP àwọn kan lọ sábẹ́ 140, ti àwọn yòókù lọ sábẹ́ 120. Àwọn ti 120 ò kú tó àwọn tó kù, ọkàn wọn ò sì tètè dẹnu kọlẹ̀. Àmọ́ wọ́n dákú jù wọ́n lọ, kíndìnrín àwọn kan náà sì fara gbá a, ìyẹn lẹ ò ní rí nínú àkọlé ìròyìn.

Ẹ̀rọ ilé mi gbé 148 jáde, ṣé ó ti dé nìyẹn?

Ẹ fara balẹ̀ ná. Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn ni, àbí ìtọ̀ ń gbọ̀n yín, àbí ẹ ń dáhùn fóònù bó ṣe ń fún yín lápá? Gbogbo ẹ̀ ló ń gbé e sókè. Tí aṣọ ẹ̀rọ yẹn bá kéré fún apá, tàbí tẹ́ ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sísàlẹ̀, irọ́ náà lẹ máa kà. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní déédéé àyà, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ míì.

Orí ò fọ́ mi, nǹkan kan ò ṣe mí.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í kanlẹ̀kùn.

Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ òògùn?

Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ọ̀pọ̀ ò nílò ẹ̀, àfi ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àrùn kíndìnrín tàbí tí ọkàn ẹ̀ ti ṣe é rí, ìyẹn kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí iyọ̀ má kọjá gíráàmù 5 lójúmọ́, ẹ máa rìn, ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lórí òògùn, BP tó wálẹ̀ yẹn, òògùn ló gbé e wálẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín jàre.

Ìgbà wo ni kí n sáré?

Tó bá ti kọjá 180/120 tí àyà ń dùn yín, tí èémí ò já geere, tí apá kan ara rọ tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn kíá, ẹ má dúró wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ga bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún un wọ̀n, tí kò bá wálẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an.