“Brother” kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò: ìmọ̀ràn fún ẹni tó ń kọ́ ará Ṣáínà ní Gẹ̀ẹ́sì

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà ní Chengdu, ìlú ńlá kan ní Ṣáínà, báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sọ fún mi pé òun nìkan ni àwọn òbí òun bí. Nígbà tó ṣe, ó ní òun ò ní lè wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé: “My brother is getting married.” Mo ní, ṣebí ìwọ nìkan ni wọ́n bí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, ta wá ni brother tó ń gbéyàwó? Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni, ó sì ju òun lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kọ́ àwọn ará Ṣáínà ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ kí ọ̀rọ̀ brother yìí tó kò yín lọ́nà. Ó jọ ohun tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ni. Èmi kì í fi wákàtí kan péré kọ́ ọ. Mo sì gbà pé àwa Yorùbá lè kọ́ wọn dáadáa, nítorí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ti dí àwa náà lọ́wọ́ rí.

Ní èdè Mandarin, èdè àjùmọ̀lò àwọn ará Ṣáínà, gēge ni ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, dìdi ni àbúrò lọ́kùnrin, jiějie ni ẹ̀gbọ́n lóbìnrin, mèimei ni àbúrò lóbìnrin. (Àmì orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe àmì ohùn tiwa o. Ìlà gbọọrọ ni ohùn tó dúró sókè. Àmì tó jọ ti ohùn ìsàlẹ̀ wa ni ohùn tó já láti òkè wá sílẹ̀.) Ohun méjì ni èdè wọn fẹ́ mọ̀ kó tó dárúkọ ọmọ ìyá ẹni: ta ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ọ̀kan péré làwa ń béèrè: ta ni wọ́n kọ́kọ́ bí? Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì náà, ọ̀kan péré ló ń béèrè, àmọ́ èyí táwa fi sílẹ̀ lòun mú. Brother: ọkùnrin ni, ó tán. Ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ sójú pátákó láé pé brother ni gēge. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe dìdi kiri.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò ni ti àwọn méjì tí wọ́n fi ẹ̀rọ oníẹ́ńjìnì fò lókè ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Wọ́n bí Wilbur ní 1867, wọ́n bí Orville ní 1871. The Wright brothers ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n. Àwọn ará Ṣáínà ní Láitè xiōngdì. Xiōng ni ẹ̀gbọ́n, dì ni àbúrò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gan-an ni! Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i pé bí àwa ṣe so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ làwọn náà ṣe so ó. Mo wá máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ “Orville and his brother” sí èdè rẹ̀. Á dúró. Kò lè kọ ọ́ títí á fi wo ọdún tí wọ́n bí wọn. Èmi náà kò lè kọ ọ́ ní Yorùbá láìwo ọdún náà. Ibi tó ti dúró yẹn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ti fojú rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò sọ.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ ọjọ́ orí, á fi ọ̀rọ̀ kún un: older brother, elder brother, big brother fún ẹ̀gbọ́n; younger brother tàbí little brother fún àbúrò. Little brother lè ga ju ilé lọ, kó ti bímọ mẹ́ta, little brother náà ni. Elder kì í bá than rìn: “he is older than me” ló tọ̀nà, “elder than me” kò dára. Ẹ ṣọ́ èyí pẹ̀lú: bǐ wǒ dà ni wọ́n ń sọ fún “ó jù mí lọ”, dà yẹn sì ni wọ́n ń lò fún ohun tó tóbi, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n sọ pé “he is bigger than me three years.” Iye ọdún ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: three years older than me.

Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ èyí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi older tàbí younger síwájú brother nígbà gbogbo, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti má fi sí i. Mo máa ń dá wọn dúró. Ẹni tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré á kàn ní “my brother lives in Leeds”, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè. Ìgbà tí ọjọ́ orí bá kan ọ̀rọ̀, tàbí tí brother rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ló ń là á.

Ọ̀rọ̀ pípe èèyàn ló ṣòro jù fún wọn, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára. Nígbà tí brother dé ọ̀dọ̀ tiwa, a dá ọjọ́ orí padà sínú rẹ̀: bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó ń pe àbúrò rẹ̀ ní bọ̀dá. Bọ̀dá Ṣẹ́gun lè má bá wa tan rárá, ó ṣáà jù wá lọ. Bákan náà ni Wáng gē (bí ẹni ń sọ pé “Bọ̀dá Wáng”) ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó, á ní “Brother David.” Òyìnbó tó bá rí i á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni lẹ́tà ti wá. David lásán ni kó kọ. Kódà ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ jáde nínú ìyá kan, orúkọ rẹ̀ ni òyìnbó ń pè é. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè kí èyí wọ̀ ọ́ lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé. Ọkọ ìyàwó yẹn, biǎogē ni wọ́n ń pè é. Biǎo ni ọmọ àwọn ọmọ ìyá ìyá ẹni, àti ọmọ tí arábìnrin bàbá ẹni bí. Táng ni ọmọ tí arákùnrin bàbá ẹni bí, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà. Nínú ilé, gē lásán ni wọ́n ń pè wọ́n bí wọ́n bá dàgbà juni lọ. Láti 1980 títí di òpin 2015, òfin ọmọ kan ṣoṣo wà ní Ṣáínà, àwọn ìlú ńlá ló sì ti múlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bí nígbà yẹn kò ní gēge mìíràn ju ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ti ìyá lọ. Àwọn yẹn ni wọ́n jọ ṣeré dàgbà. Òótọ́ ọkàn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ, bí àwa náà ṣe ń sọ pé “ẹ̀gbọ́n mi ni” láìka ìyá tó bí i sí. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní cousin, kò sì bìkítà bóyá ó jù ọ́ lọ tàbí bóyá ọkùnrin ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́ wọn ní brother ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn ní cousin. Half-brother ni kẹ́ ẹ pe ọbàkan tó jẹ́ ọkùnrin.

Brother tún wà tí kì í ṣe ti ẹbí. Ní yunifásítì wọn, àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà ń pe ara wọn ní shīxiōng bó bá jẹ́ ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù kung fu ti rí i tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí “senior brother.” Lẹ́nu iṣẹ́, “a senior student in my lab” ló yéni. Ní ti ọ̀rẹ́, xiōngdì kan náà tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá pe ohùn ìkejì rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò. Ìyípadà ohùn tó ń yí ìtumọ̀ kò lè ya Yorùbá lẹ́nu. Nínú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, dìxiong ni wọ́n ń lò, àbúrò ló ṣáájú ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, bí arákùnrin tiwa. Brother inú Gẹ̀ẹ́sì bá èyí mu dáadáa.

Brother-in-law kò gba àlàyé púpọ̀. Jiěfu ni ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni, mèifu ni ọkọ àbúrò ẹni, wọ́n tún ní tàwọn ọmọ ìyá ọkọ àti ti ìyàwó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Bó bá pọ̀, brothers-in-law ni, ara brother ni s ń lẹ̀ mọ́.

Ìró th tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà, kò sí lédè wọn, kò sí lédè wa. Àwa ń fi d rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi z. Ẹ ní kí wọ́n ti ṣóńṣó ahọ́n bọ àárín eyín, kí wọ́n sì jẹ́ kí ohùn dún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé brother. Tā ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, bí àwa ṣe ń lo “ó”, nítorí náà ẹ máa gbọ́ “my brother, she is a doctor.” Èmi kì í dá wọn lẹ́kun ìsọ̀rọ̀. Mo kàn máa ń dáhùn pé, “Oh, he is a doctor? Where does he work?” Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á gbé he yẹn, wọ́n á sì máa bọ́rọ̀ lọ.