VRAM, àtẹ inú kọ̀ǹpútà: ohun tó ń pa San Andreas tí a fi mod kún

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Tánkẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, mọ́tò yìí ló ń pa géèmù mi." Mọ́tò tó ń wí ni kóròpé, irú èyí tó ń ná Challenge sí Post Office, tí ẹnìkan yà tó sì sọ di mod, ìyẹn àfikún tí àwọn èèyàn ń ṣe fúnra wọn, fún géèmù GTA San Andreas. Bó bá ti pe kóròpé náà jáde báyìí, àwòrán á dúró gbagidi, fáànù láptọ́ọ̀pù á máa han gooro, géèmù á sì pòórá, á wá ku dẹ́sítọ́ọ̀pù nìkan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ní kó ṣí fáìlì stream.ini inú géèmù náà, kó kọ nọ́ńbà gìrìwò kan síwájú memory, pé ìyẹn á fi VRAM kún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò fi ẹyọ kan kún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn.

VRAM ni mẹ́mórì tí káàdì àwòrán ń lò. Ẹ wo ìyá aláta kan n'Ìpàta. Rodo tó wà lórí àtẹ ló lè bù fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀, àfi kó yíjú padà kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó wà nílé, àfi kó rán ọmọ. Nínú kọ̀ǹpútà, VRAM ni àtẹ, RAM ni àpò ẹ̀yìn, hard disk ni ilé. Ohun tí ojú ń rí nínú géèmù, ìbáà ṣe ògiri, títì, aṣọ ọrùn CJ (ẹni tí à ń darí nínú géèmù náà) tàbí ọ̀dà ara mọ́tò, orí àtẹ ni káàdì àwòrán ti fẹ́ máa bù ú. Bí àtẹ bá kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí kúrò, á máa kó tọ̀hún wá. Ìgbà yẹn ni géèmù ń fà bí ìgbín. Bí kò bá wá sí àyè níbì kankan mọ́, ó kú nìyẹn.

Láptọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ ní àtẹ tó dá dúró. Àpò ẹ̀yìn kan náà ni òun àti gbogbo ètò tó kù jọ ń bù. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ lórí Windows, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo GPU. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì níbẹ̀: Dedicated ni àtẹ fúnra rẹ̀, Shared ni èyí tó lè yá nínú RAM. Ti ọmọ yìí, Dedicated rẹ̀ kò ju 128 MB lọ. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan máa ń jẹ́ kéèyàn fi díẹ̀ kún un nínú BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó wọlé, ṣùgbọ́n inú RAM kan náà ni wọ́n ti ń gé e. Ẹni tó ní RAM 4 GB, kó fọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò kóròpé yẹn, torí ìṣirò yìí ló dùn jù létí mi. Àwòrán tí wọ́n fi bo ara mọ́tò nínú géèmù, awọ ni mo máa ń pè é. Awọ tó fẹ̀ ní 4096, tó sì ga ní 4096, ní tó mílíọ̀nù 16 ààmì àwọ̀ àti lé díẹ̀. Báìtì mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ bí wọn kò bá fún un pọ̀. Ìyẹn jẹ́ 64 MB fún awọ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí San Andreas jáde fún kọ̀ǹpútà ní 2005, ohun tí wọ́n ní kéèyàn ní, ó kéré tán, ni RAM 256 MB àti káàdì àwòrán 64 MB. Awọ kan lára bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo wá fẹ́ gba gbogbo àyè tí wọ́n fi pàtẹ odidi ìlú mẹ́ta, aṣálẹ̀ àti òkè Chiliad! Mẹ́rin irú awọ bẹ́ẹ̀ ló wà lára kóròpé náà. Ọ̀kan nínú wọn, inú bọ́ńẹ́ẹ̀tì ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Bí ẹ bá gé awọ náà sí 2048, kì í ṣe ìdajì ló kù o, ìdá kan nínú mẹ́rin ni: 16 MB. Ní 1024, ó di 4 MB. Bí ẹ bá tún fún un pọ̀ sí DXT1, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún awọ pọ̀, ìdajì MB péré ni.

Nọ́ńbà inú stream.ini ńkọ́? Bí mo bá sọ fún ìyá aláta pé àtẹ rẹ̀ gba àpò ogún, pákó àtẹ kò ní tìtorí ìyẹn gùn sí i. Nǹkan bí 50 MB ni San Andreas ń yà sọ́tọ̀ fún ohun tó ń kó wọlé bí ẹ ṣe ń wa mọ́tò kiri. Bí ìyẹn bá kún, ẹ ó rí i pé títì àti ilé á máa pòórá lójú yín kí géèmù tó kú. Àwọn mod kan wà tó ń sún ààlà yẹn síwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri mìíràn tún ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀: géèmù bit 32 ni, ìyẹn irú ètò àtijọ́ tí mẹ́mórì tó lè lò ní ààlà, Windows kì í sì í jẹ́ kí irú rẹ̀ gbà ju 2 GB lọ, àfi bí wọ́n bá sàmì sí i pé ó lè dé 4 GB. Ẹni tó ra RAM 16 GB nítorí San Andreas ti náwó dànù. Géèmù Skyrim ti 2011 náà ní ògiri yìí. Special Edition tó jáde ní 2016 kò ní i mọ́, torí bit 64 ni.

Gbogbo ikú géèmù kọ́ ni ti mẹ́mórì ṣá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn bí ogún ìṣẹ́jú ló ń kú, níbi tó bá wù ú, nǹkan ló ń kún díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ibì kan náà ló ń kú sí nígbà gbogbo, fáìlì kan ni kí ẹ fura sí. Ẹ ṣí Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ àṣìṣe sí, ẹ ó sábà rí 0xc0000005 níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé géèmù ki ọwọ́ bọ àpò tí kì í ṣe tirẹ̀, Windows sì lé e jáde. Kódù yẹn kò ní sọ mod tó jẹ̀bi fún yín. Ẹ yọ ìdajì mod kúrò, ẹ dán an wò; bó bá ṣì ń kú, ìdajì tó kù sínú ló fà á, ẹ tún pín in. Mod méjìlélọ́gbọ̀n kò gbà ju ìdánwò márùn-ún lọ. Èmi mọ ẹni tó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná fi lọ, tí kò sì kọ ibi tó dé sílẹ̀.

A ṣí awọ kóròpé náà nínú Magic.TXD, ètò tí wọ́n fi ń tún awọ inú géèmù yìí ṣe, a gé gbogbo wọn sí 512, a fún wọn pọ̀. Mọ́tò jáde, ó ń sáré. Ọmọ náà wò ó yíká, ojú rẹ̀ fà ro: "Ẹ̀gbọ́n, 'Ọlọ́run Tóbi' tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ṣeé kà mọ́." A dá ẹ̀yìn nìkan padà sí 1024.