Garawa Méjì, Ọmọrí Kan

Ní Ìgbógbó, lẹ́bàá Ìkòròdú, níbi tí mo dàgbà sí, òfin kan wà nílé ìyá àgbà wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú: àkọ́rọ̀ òjò kì í ṣe mímu. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ṣú nínú oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, tí àwa ọmọdé ti ń sáré gbé garawa sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, Màmá á ké láti inú yàrá pé, "Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀! Ẹ jẹ́ kó fọ páànù ná." Omi tó bá kọ́kọ́ ṣàn wálẹ̀ a máa pọ́n bí omi àgbo. Ó lè tó òjò méjì tàbí mẹ́ta kí Màmá tó jáde wá, kó ki ọwọ́ bọ omi, kó wò ó, kó tó ní ká gbé ìkòkò síta.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ìbéèrè tó wà nídìí òfin Màmá ló da àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìdọ̀tí tó wà nínú omi òjò, èwo ni òjò fúnra rẹ̀ gbé wá látòkè? Èwo ló ti bà sórí páànù kí òjò tó dé? Garawa méjì àti ọmọrí kan ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ìtàn garawa náà ni mo fẹ́ sọ, ibi tó ti wá àti bó ṣe dé inú ìlú aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà.

Eruku ilẹ̀ wa níbí wà lára ohun tó kọ́kọ́ mú kí òyìnbó wò òkè. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1832, ọkọ̀ ojú omi tí Charles Darwin wọ̀ ń sún mọ́ erékùṣù Cape Verde, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ojú sánmà ti ṣú bàìbàì. Lórí òpó ọkọ̀ náà, aṣọ tíńrín kan wà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Darwin rí i pé aṣọ yẹn ti sẹ́ eruku pípọ́n kan kúrò nínú atẹ́gùn, bí aṣọ tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì. Ó kó o jọ, ó dì í sínú bébà. Nígbà tó yá, ó fi ìdì márùn-ún irú eruku bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ehrenberg, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó mọ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi lò. Ehrenberg rí oríṣi 67 nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ní 1846, Darwin kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti Áfíríkà ni eruku náà ti ń fò wá. Ẹni tó bá ti lo oṣù Ọ̀pẹ kan ní Ìkòròdú, tó ti fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sára ọkọ̀ tó wà níta mọ́jú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ìwé ìyẹn fún un.

Ṣùgbọ́n Darwin ṣa eruku ni, kò wọ̀n ọ́n. Èéfín ló kọ́ wọn ní wíwọ̀n.

Ní Manchester, nígbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ aṣọ ibẹ̀ ń jó èédú lọ́sàn-án lóru, ará Scotland kan wà tó ń jẹ́ Robert Angus Smith. Kẹ́míìsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tó dá rọrùn débi pé ó ya ènìyàn lẹ́nu pé ẹlòmíì kò ti dá a: ó gba omi òjò ní oko tó jìnnà sí ìlú, ó gbà á ní ẹ̀yìn odi, ó sì gbà á láàárín ìgboro, ó wá fi wọ́n wé ara wọn. Lóko, amóníà tó dà bí èyí tó ń rùn lára ìtọ̀ tó bá pẹ́ ló rí. Bó ṣe ń wọ ìlú, imí ọjọ́ inú èédú ń pọ̀ sí i. Nígbà tó dé àárín ìgboro, ásíìdì gan-an ló bá nínú omi òjò. Ọdún 1852 lèyí. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nínú ìwé ńlá tó kọ, ó pè é ní òjò ásíìdì, orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Lójú tèmi, orúkọ yẹn kọ́ ni iṣẹ́ ńlá tó ṣe. Ìrìn láti oko wọ ìlú yẹn ni, nítorí ìrìn kan náà ni gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ń rìn.

Ní 1912, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London lórí ọ̀rọ̀ èéfín, ìgbìmọ̀ náà sì ṣe ohun èlò tí ìlú gbogbo lè lò bákan náà. Àrọ ńlá ni, irú èyí tí àwọn elépo fi ń dá epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìgò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi wáyà yí ẹnu rẹ̀ ká kí ẹyẹ má baà bà lé e, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ ti ba ìṣirò jẹ́ fún wọn rí. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé ìgò náà lọ, wọ́n á wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì kéde iye tọ́ọ̀nù tó bọ́ sórí máìlì kan níbùú lóròó. Ó dára, ṣùgbọ́n inú ìgò kan náà ni òjò àti eruku ń wọ̀ pọ̀. Ká sọ pé ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè Màmá, ẹnu wọn kò ní gbà á.

Bọ́ǹbù ló wá fipá mú wọn dáhùn.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò, eruku rẹ̀ sì ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìgba físà. Láti 1951 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń tẹ́ bébà tó ní gọ́ọ̀mù síta kí eruku yẹn lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlgéríà, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ láti ìhà ibẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn aṣáájú wa ti pariwo títí kó tó di ọjọ́ náà. Faransé yìn ín bẹ́ẹ̀. Wọ́n yin ìkejì. Nígbà tí wọ́n fi máa yin ìkẹta ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, Nàìjíríà ti gba òmìnira, nígbà tó sì di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé lọ sílé. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń rántí pé a bá Faransé jà nígbà kan. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni pé lórí eruku la ṣe jà.

Iṣẹ́ ṣíṣọ́ eruku bọ́ǹbù yìí ló bí garawa méjì ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, nítorí ó dùn mọ́ mi. Garawa méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì irin, ọmọrí kan ṣoṣo ló sì wà fún wọn. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, ọmọrí á bo garawa òjò, garawa eruku á la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí iná mànàmáná ń mú lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀kán òjò tó bá bọ́ sórí irin yìí á so iná pọ̀, mọ́tò á ké, ọmọrí á gbéra kúrò lórí garawa òjò, á lọ bo ti eruku. Bí òjò bá dá, irin tó ń gbóná yẹn á mú omi orí rẹ̀ gbẹ, ọmọrí á sì padà sí ipò rẹ̀. Ohun tó bọ́ ní gbígbẹ wà lọ́tọ̀, ohun tí òjò gbé wá wà lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ gbígba omi òjò náà ti ń tàn káàkiri. Ní Sweden, wọ́n ti ń gba omi òjò láti ìparí àwọn ọdún 1940 kí wọ́n lè mọ iye ajílẹ̀ tí òjò ń gbé fún oko. Àkójọ yẹn ni Svante Odén wò tó fi pariwo nínú ìwé ìròyìn ní 1967 pé èéfín orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń sọ òjò wọn di ásíìdì. Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn tó ń ṣọ́ omi òjò sílẹ̀ ní 1978. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pààrọ̀ garawa òjò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é títí dòní.

Ṣùgbọ́n oko, igbó àti adágún omi ni ọ̀pọ̀ jù nínú garawa wọ̀nyẹn wà. Ìlú ńlá gan-an, ńṣe ni àwọn tó ń gbé garawa ń sá fún un nígbà náà, wọ́n ní ìdọ̀tí ibẹ̀ máa ba ìṣirò jẹ́. Ní 1997 ni ètò ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó lé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìlú ńlá méjì kún ibi tí wọ́n ń ṣọ́: Baltimore àti Phoenix. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Arizona ló gba iṣẹ́ ti Phoenix.

Inú aṣálẹ̀ Sonora ni Phoenix wà. Òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 200 mílímítà lọ. Oṣù Òkúdu nìkan lè rọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìkòròdú. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn lọ tó ń gbé ìlú náà àti agbègbè rẹ̀, mọ́tò ni gbogbo wọn sì fi ń rìn. Èéfín mọ́tò ní náítírójìn nínú, náítírójìn sì ni ajílẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ìlú bá ń bu ajílẹ̀ sórí aṣálẹ̀ tó yí i ká láìmọ̀, kí ni ewéko aṣálẹ̀ máa ṣe? Koríko àjèjì lè gba ibẹ̀, koríko gbígbẹ sì ni oúnjẹ iná. Wọ́n gbé garawa sí ìgboro, wọ́n gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọ̀lú, wọ́n sì gbé e sí ibi tó ń gbà jáde. Ìrìn Smith nìyẹn.

Aṣálẹ̀ kò gba ìwà garawa. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọmọrí tó ṣí lórí garawa òjò, ti eruku nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Eruku náà kò sì gbọ́ràn: ó bọ́ sínú garawa lánàá, atẹ́gùn òní gbé e jáde. Àwọn tó ń wọn eruku aṣálẹ̀ ní àwọn ibòmíràn láyé rí ọgbọ́n kan dá sí irú èyí. Wọ́n tẹ́ òkúta gíláàsì róbótó, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré, sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀. Eruku á bọ́ sáàárín wọn, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́.

Ní ti náítírójìn, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n lò nínú aṣálẹ̀ Phoenix nígbà tó yá. Wọ́n fi àrọ sórí páìpù ike, wọ́n kó ohun róbótó kéékèèké tó dà bí ẹyin ẹja sínú páìpù náà. Bí òjò bá fọ eruku inú àrọ wọlé, àwọn róbótó yẹn á di náítírójìn mú, omi á sì kọjá lọ. Wọ́n lè fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbé e délé, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ náítírójìn jáde nínú rẹ̀, kí wọ́n tó kà á. Kò nílò mọ́tò, kò nílò iná. Ẹ ò rí i pé Nàìjíríà ló yẹ kí wọ́n ti ronú kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí kò bá ìfojúsọ́nà mu tán. Náítírójìn inú garawa kéré sí iye tí kọ̀ǹpútà ti ṣírò pé ó yẹ kó máa bọ́. Ara ìdí rẹ̀ ni pé èéfín kì í ṣe eruku. Ó lè rá mọ́ ewé àti ilẹ̀ láìkọjá sínú garawa rárá.

Ìkòròdú kì í ṣe aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ń wá kí wa lọ́dọọdún. Bodélé ní Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́, ni púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ wa ti ń gbéra. Atẹ́gùn á fún ara rẹ̀ gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi, á sì gbé e. Bó ṣe ń jìnnà sí Chad ló ń kúnná, èyí tó ń dé etí ọ̀sà lọ́dọ̀ wa sì kúnná bí àtíkè. Lórí ìyẹn, a tún ní tiwa: ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin lọ́nà Odógunyàn, àwọn tó ń yọ́ òjé bátìrì àlòkù ní Ògijo, táyà tí wọ́n ń jó, jẹnẹrétọ̀ olúkúlùkù.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé garawa funfun méjì sórí òrùlé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo bo ọ̀kan, mo ṣí ọ̀kan sílẹ̀ láti oṣù Bélú. Mọ́tò kò sí, irin gbígbóná kò sí, èmi ni mọ́tò. Òjò àkọ́kọ́ ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru nínú oṣù Ẹrẹ́nà, mo sáré gun àkàbà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, mo ṣí ọmọrí kúrò lórí èkejì, mo fi bo ti eruku. Ìyàwó mi ní kí n wọlé kí àwọn aládùúgbò má pe ọlọ́dẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, garawa tó gba òjò nìkan, omi rẹ̀ kò pọ́n. Ó kàn dúdú díẹ̀ nísàlẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ti eruku, mo da omi fíltà díẹ̀ sí i, mo fi ọwọ́ pò ó. Ó pọ́n gẹ́gẹ́ bí omi páànù Màmá. Nígbà tó tòrò, eérú dúdú kan léfòó lójú rẹ̀, ó ń yọ̀ bí òróró. Mo dà á sínú ìgò, mo kọ ọjọ́ sí i lára, ó wà lórí fìríìjì.