Ibi tí nọ́ńbà ti fò ni kọ̀ǹpútà ń ṣọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkun o. Àwọn tó ń ra kajú ní Kàbà máa ń bi mí pé báwo ni fóònù ṣe ń dá hóró mọ̀ lára àpò funfun tí wọ́n sá a lé. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Fóònù ò mọ kajú o. Nọ́ńbà ló ń rí.

Ká mú fọ́tò dúdú àti funfun. Kọ̀ǹpútà á gé e sí tóótòòtó, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: 0 ni dúdú kirikiri, 255 ni funfun báláú. Ká ní ó ka 40, 42, 41, 200, 203 láti orí hóró bọ́ sórí àpò. Tó bá yọ ìkọ̀ọ̀kan kúrò nínú èyí tó tẹ̀ lé e, fífò 159 tó wà láàárín 41 àti 200 ló máa yọ sí i lójú. Etí hóró nìyẹn. Ìyọkúrò tí ọmọ iléèwé ń ṣe ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí fọ́tò alẹ́ ṣe máa ń rí wórowòro. Ìyẹn náà ń mú nọ́ńbà fò. Ìlànà wíwá etí tí John Canny, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 1986 máa ń kọ́kọ́ po àwọn nọ́ńbà tó múlé gbe ara wọn, kí wórowòro lè rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń gba fífò ńlá lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò ní gba èyí tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ àfi tó bá so mọ́ ńlá. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an. Bá a ṣe ń mọ ọ̀nà oko náà nìyẹn: ibi tí koríko ti bò ó, a ṣì mọ̀ pé ọ̀nà ni, torí ó já sí ibi tó là gedegbe.

Tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ dá ibì kan náà mọ̀ nínú fọ́tò méjì, igun wá wúlò ju etí lọ. Ẹ mú aṣọ onílà, irú èyí táwọn ìyá wa ń hun ní Bùnú. Ẹ dá ihò bí ojú bọ́tìnnì sára páálí, ẹ gbé e lé ojú ìlà, kí ẹnì kan wá fa aṣọ náà síbi tí ìlà dorí kọ. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó kúrò lójú kan. Ẹ gbé ihò náà lé igun aṣọ: ibi yòówù kí wọ́n fà á sí, ẹ máa mọ̀. Ohun táwọn olùwádìí méjì, Chris Harris àti Mike Stephens, sọ di ìṣirò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1988 nìyẹn, irú igun bẹ́ẹ̀ ló sì ṣeé fi so fọ́tò mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan gbọọrọ.

Òjìji ló ń dà mí láàmú jù. Bàbá kan gbé fọ́tò wá tó yà nígbà tí oòrùn ń wọ̀; òjìji hóró kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ sì ka méjèèjì sí hóró ńlá kan. Ìyọkúrò ò mọ òjìji yàtọ̀ sí kajú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dìgbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn, kẹ́ ẹ sì nu ojú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó yà á.