Ibo Lẹ Dúró Sí Tí Ẹ Fi Wò Ó?

Bí àríyànjiyàn bá le ní Ọ̀yọ́ níbí, gbólóhùn kan wà tí àwọn èèyàn fi ń bọ́ níbẹ̀: “Ojú tí èmi fi wò ó nìyẹn.” Ó parí, kò sẹ́ni tó tún lè bi wọ́n léèrè. Nídìí iṣẹ́ àwa ayàwòrán, ìgbà yẹn gan-an ni ìbéèrè ń bẹ̀rẹ̀. Ibo lo dúró sí? Báwo lojú rẹ ṣe ga tó nílẹ̀? Ẹlòmíì á lọ dúró síbẹ̀, á wò ó. Bí ohun tó rí bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí bébà, àwòrán ló ní àléébù.

Ẹ dán an wò ní ọjà Akẹ̀sán lọ́jọ́ tó bá kún. Ẹ dúró lójú kan, kí ẹ máa wo àwọn tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ojú gbogbo ẹni tó ga tó yín á wà lórí ìlà kan náà, àti ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tó jìnnà. Ẹsẹ̀ wọn ló ń gòkè bí wọ́n ti ń jìnnà sí i. Ìlà tí ojú wọn wà yẹn là ń pè ní ìlà ojú. Etí òrùlé páànù tó ga jù yín lọ á máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, etí gọ́tà á máa gòkè lọ bá a. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í tètè gbà. Wọ́n á ya ẹni tó jìnnà ní kékeré, wọ́n á gbé orí rẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà, ni àgbàlagbà bá di ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá jókòó sórí àpótí, ìlà náà á bá yín jókòó.

Filippo Brunelleschi, ayàwòrán ilé kan ará Florence ní Ítálì, kò fi ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn dúró sí yìí ṣeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15, ó ya ilé ìrìbọmi ìlú náà sórí pátákó, ó sì lu ihò sí i. Ẹ̀yìn pátákó lèèyàn á ti yọjú, á na dígí síwájú, á wo àwòrán nínú dígí. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wò ó láti ibòmíì yàtọ̀ sí ibi tóun dúró sí. Leon Battista Alberti, òǹkọ̀wé ará Ítálì, kọ ìlànà irú àwòrán yìí sínú ìwé ní 1435.

Inú máa ń bí mi sáwọn tó ń torí èyí sọ pé àwọn agbẹ́gilére wa kò mọ̀ ọ́n yà. Ohun mìíràn làwọn fi ìtóbi sọ. Ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, tó wà ní Chicago báyìí. Ayaba tó dúró lẹ́yìn ìtẹ́ ga fíofío ju ọba tó jókòó lọ. Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ wọn kò tó nǹkan. Agbára ni igi yẹn ń wọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mú búrọ́ọ̀ṣì rí, ẹ yé bú fóònù nítorí imú tó wú nínú fọ́tò. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú jù, imú á sún mọ́ ọn ju etí lọ dáadáa, òun ló ṣe wú. Ẹ gbé fóònù fún ẹlòmíì, kó sún sẹ́yìn díẹ̀, kó tó wá fa àwòrán náà tóbi. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ mú wá bí ẹ bá fẹ́ kí n yà yín. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà nítòsí, bí mo bá ya ohun tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ kò ní sanwó.