Epo Pupa Kì Í Pa Kọ́sítíìkì Lára Èèyàn

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn, àǹtí mi ń po ọṣẹ. Ó ń da kọ́sítíìkì (caustic soda), kẹ́míkà tó ń jó ara tí a fi ń po ọṣẹ, sínú omi nínú ike ńlá, kó tó kan òróró. Omi náà hó, ó ta sí i lápá òsì láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá àgbà tí a jọ ń gbé ilé ti gbé ìgò epo pupa jáde. "Ẹ má fomi kàn án o! Omi á jẹ́ kó léròrò. Epo ló ń pa kọ́sítíìkì!"

Ìyá fẹ́ràn àǹtí mi, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣàdédé wá. Ẹni tó bá ti po ọṣẹ rí mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Nígbà tí kọ́sítíìkì kò tíì pọ̀ lọ́jà, omi eérú èèpo kòkó ni àwọn ìyá wa ń sẹ́, wọ́n á fi àdí tàbí epo sí i, wọ́n á máa rò ó lórí iná. Omi eérú tó lè bó ọwọ́ á wá di ọṣẹ tí a fi ń wẹ ọmọ. Bí èèyàn bá rí èyí láti kékeré, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé bí epo ṣe ń rọ̀ ọ́ nínú ìkòkò ló máa rọ̀ ọ́ lára.

Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò, a wọn epo, a wọn kọ́sítíìkì, a rò ó títí, a sì fún un láyè kó tó rọ̀. Ara kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣèèṣì fìka kan kọ́sítíìkì mọ̀ pé ìka náà á máa yọ̀ bọ̀rọ́. Ọṣẹ ni yíyọ̀ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ara ẹni náà gan-an ló fi ń ṣe é. Nígbà tí ẹ ń da epo sórí rẹ̀, ó ti wà lábẹ́ awọ, ó ń jẹ ẹran lọ. Epo kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Omi tó yẹ kó fọ̀ ọ́ dànù kò wá ráyè débẹ̀ mọ́.

Ti omi? Kì í ṣe omi ló ń jẹ́ kó léròrò. Kọ́sítíìkì ni, omi ló sì ń gbé e kúrò.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé kọ́sítíìkì lè má dunni púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ásíìdì inú bátìrì a máa ta èèyàn lójú ẹsẹ̀, ẹni tó kàn á ké. Kọ́sítíìkì àti sìmẹ́ńtì tútù lè rọra máa jẹ ara. Bíríkìlà á kúnlẹ̀ sínú kọnkéré láàárọ̀, kò ní fura, ìrọ̀lẹ́ ni yóò rí i pé orúnkún òun ti bó. Nítorí náà, "kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀" kì í ṣe ẹ̀rí pé ewu ti kọjá. Bí awọ bá pọ́n, bó bá funfun tàbí tó dúdú, bó bá léròrò, tàbí tí ibẹ̀ kú tipiri, ó ti jó o nìyẹn.

Omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ dà sí i, kíákíá, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 20. Tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì, tí ara ṣì ń yọ̀, ẹ máa dà á lọ, ó lè tó wákàtí kan. Ẹ má rì í sínú abọ́. Ẹ jẹ́ kí omi máa bọ́ sílẹ̀, kó má ṣàn gba ibi tí ara ti dá. Bí omi ṣe ń ṣàn lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ máa bọ́ aṣọ, òrùka àti aago. Ẹ̀wù tí a máa ń bọ́ gba orí, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, kó má baà kan ojú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá nylon. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, ẹ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n kúrò kẹ́ ẹ tó da omi.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì máa ń sọ pé kán-ún tàbí eérú ló ń pa ásíìdì. Lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Lára èèyàn, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ooru ni wọ́n ń mú jáde, ẹ sì ti fi iná kún iná. Ẹyin tútù, iyọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín, ẹ gbé gbogbo wọn sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ má dúró wá garawa. Ẹ já etí píọ̀wọ́tà, kẹ́ ẹ máa rọra fún un sójú náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, àpò tó ní 20 á fún yín ní lítà 10, kí ẹnìkan sáré lọ ra òmíràn. Kó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú tó kàn wà nísàlẹ̀, kí omi má ṣàn gba ojú kejì. Ẹ fìka la ìpéǹpéjú, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní lè là á. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn tó ní dókítà ojú ni, irú UCH ní Orítamẹ́fà, kódà bó bá ní òun ti ń ríran.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ọmọ tó mu ún. A da kọ́sítíìkì sínú ìgò omi, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ó gbé e mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní epo, ẹ má sì mú un bì. Nígbà tó ń wọlé, ó ti jó ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń bì, á tún jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ojú egbò yẹn lè sún kì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, débi pé oúnjẹ kò ní lè kọjá. Kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni 615.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin la fi jiyàn lọ́jọ́ yẹn kí ìyá tó gbà. A fi aṣọ nu epo tí wọ́n ti dà sí i, mo ń fa omi kànga, àbúrò mi ń dà á sí i lápá, àǹtí mi sì ń sunkún pé òtútù ń mú òun. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìgúnpá. Ó ṣì ń po ọṣẹ, ṣùgbọ́n kò ní já ọ̀rá kọ́sítíìkì láìjẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin, lítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike rẹ̀. Ìyá àgbà fúnra wọn ló máa ń bi í báyìí pé, "Ṣó o ti pọnmi?"