Kíkọ fọ́ńṣọ̀n àkópọ̀ nínú dátábéèsì SQL

Fọ́ńṣọ̀n àkópọ̀ máa ń gba ìlà púpọ̀, á sì dá èsì ẹyọ kan padà fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. SUM, AVG, COUNT, MIN àti MAX ti wà nínú SQL fúnra rẹ̀. Bí ìṣirò tí a ń fẹ́ kò bá sí lára wọn, ọ̀pọ̀ dátábéèsì gbà kí a kọ tiwa.

Orúkọ ló yàtọ̀, ìlànà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ipò kan wà, ìyẹn ohun tí fọ́ńṣọ̀n náà ti kó jọ títí dé ìlà tó ń kà lọ́wọ́. Fọ́ńṣọ̀n ìgbésẹ̀ á gba ipò yìí pẹ̀lú iye tuntun, á dá ipò mìíràn padà. Fọ́ńṣọ̀n ìparí á sọ ipò ìkẹyìn di èsì. PostgreSQL ń pè wọ́n ní STYPE, SFUNC àti FINALFUNC. Ní SQLite, xStep àti xFinal ni. SQL Server ń lo Init, Accumulate, Merge àti Terminate, èdè .NET ni a sì fi ń kọ wọ́n.

Àpẹẹrẹ PostgreSQL yìí ń sọ gbogbo iye inú òpó kan di púpọ̀ ara wọn (×); float8 ni irú nọ́ńbà onídẹ́símà tó ń lò:

CREATE AGGREGATE isodipupo(float8) (
  SFUNC = float8mul,
  STYPE = float8,
  INITCOND = '1',
  COMBINEFUNC = float8mul,
  PARALLEL = SAFE
);

INITCOND ni ipò ìbẹ̀rẹ̀. PARALLEL = SAFE ń gbà kí a pín iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, COMBINEFUNC á sì da àwọn ipò tó bá ti ibẹ̀ wá pọ̀. Kò nílò FINALFUNC, nítorí pé ipò ìkẹyìn gan-an ni èsì. STRICT ni float8mul, ìyẹn ni pé a kì í pè é bí ohun tó fẹ́ gbà bá jẹ́ NULL (àìsí iye), nítorí náà ó ń fo NULL. Bí kò bá sí ìlà kankan, 1 ni èsì. Ẹni tó bá fẹ́ NULL kó yọ INITCOND kúrò, iye àkọ́kọ́ tí kì í ṣe NULL á sì di ipò ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá sọ 1 títí dé 171 di púpọ̀ ara wọn, iye náà á ju ohun tí float8 lè gbà lọ, àṣìṣe ló sì máa yọrí sí. Numeric pẹ̀lú numeric_mul ni ojútùú rẹ̀, bó tilẹ̀ lọ́ra jù.

Ipò tí a yàn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹni tó ń kọ ìpíndọ́gba, tó wá fi ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ ṣe ipò, á rí wàhálà lọ́jọ́ tí dátábéèsì bá pín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ méjì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà méjì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ka 10 àti 20, tí èkejì ka 60, 15 àti 60 ni wọn á mú wá, 37.5 sì ni ìpíndọ́gba wọn. Èsì tòótọ́ jẹ́ 30. Àròpọ̀ àti iye ìlà ló yẹ kó wà nínú ipò, kí FINALFUNC pín wọn ní ìparí, kó sì dá NULL padà bí iye ìlà bá jẹ́ òdo. INITCOND náà kò gbọ́dọ̀ yí èsì padà: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí náà 100 tí a fi bẹ̀rẹ̀ àròpọ̀ á wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí ètò àwọn ìlà bá ṣe pàtàkì, ORDER BY gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́ fọ́ńṣọ̀n náà. PostgreSQL kì í pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ púpọ̀.

OVER ń jẹ́ kí a ṣe ìṣirò lórí fèrèsé, ìyẹn àwọn ìlà tó yí ìlà kọ̀ọ̀kan ká. Fún OVER tí ìbẹ̀rẹ̀ fèrèsé rẹ̀ ń sún síwájú, MSFUNC (tó ń fi ìlà kún un), MSTYPE (irú ipò rẹ̀) àti MINVFUNC (tó ń yọ ìlà kúrò) ń jẹ́ kí a yọ ìlà tó ti jáde kúrò láìtún gbogbo rẹ̀ kà. Pínpín ni yóò yọ iye kúrò nínú isodipupo, ṣùgbọ́n a kò lè fi òdo pín nǹkan. Bí òdo bá ń jáde, kí MINVFUNC dá NULL padà, PostgreSQL á sì ṣe ìṣirò fèrèsé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.